Mandolíìnì Tí Gàníyù Gbé Lé Mi Lọ́wọ́

Bámigbóyè ọkọ mi wà láyé nígbà náà. Gàníyù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ gáàdì ọkọ̀ ojú irin, wà láyé. Wọ́n ti lọ báyìí, ó ku èmi Àrínọlá, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀. Sherifat, ọmọ Gàníyù, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ mi náà sì gbọ́. Bàbá rẹ kì í ṣe olè.

Ọdún tí wọ́n sọ Minna di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni. Àwọn akọ̀wé ìjọba ń rọ́ wọlé, àwọn onílé sì ń lé ayálégbé jáde nítorí wọn. Kọ́tà rélùwéè nìkan ni ààbò wa, ẹni tó bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ á kó ẹrù jáde níbẹ̀. Ọwọ́ ọkọ mi yá lórí mandolíìnì. Ẹgbẹ́ olórin kan ní Kàdúná ní kó wá bá àwọn, ṣùgbọ́n inú èyí tó ní ṣófo bí igbá. Bí wọ́n bá ti so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, a máa hu bí ajá. Oníná tí ara rẹ̀ jẹ́ kìkì igi ló ń wá. Wọ́n mú ọ̀kan wá láti Jos, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀. Wọ́n mú òmíràn wá, iṣẹ́ káfíńtà ni, kò gbóhùn. Ó wá fi owó èsúsú rẹ̀ lé Gàníyù lọ́wọ́. Ó ní ọjọ́ tí òun bá rí ojúlówó, òun á fi rélùwéè sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ má pè é ní ọgbọ́n o.

Gàníyù rí i ní Kánò. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Zungeru lọ́jọ́ náà, Gàníyù kì í sì í wọ ilé ọ̀rẹ́ tí kò bá sí nílé. Ó kí sálámù lẹ́yìn ọgbà, ó na nǹkan náà sí mi nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì. "Ìyàwó wa, ojúlówó rèé. Sọ fún un pé àgbò ni mo máa jẹ." Ó rẹ́rìn-ín, ó sáré padà sí ọkọ̀ rẹ̀. Mo tú u wò. Ó pupa, ó wúwo. Mo fi èékánná kan okùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Mo tì í bọ iná abẹ́ agbada gàrí mi. Igi gidi ni lóòótọ́, kò tètè jó. Gàrí tí iná yẹn yan, ọkọ mi mu ún. Ó bi mí bóyá Gàníyù dé. Mo ní kò yà.

Nígbà tí Gàníyù wá gba àgbò rẹ̀, ó kọ́kọ́ fi í ṣàwàdà, ó ní ọ̀rẹ́ òun ti di olórin, kò mọ èèyàn mọ́. Ọkọ mi ní mandolíìnì wo? Gàníyù ní èmi ni òun gbé e fún. Wọ́n pè mí. Àyè òtítọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀gbin ló jáde lẹ́nu mi. Mo kọjú sí ọkọ mi.

"Bàbá Tinúkẹ́, ṣé Gàníyù máa ń wá bá mi nígbà tí ẹ kò bá sí nílé ni?"

Ọkọ mi dìde. Gàníyù wò mí pẹ́. Ó rí i pé bí òun bá tẹnu mọ́ ọn pé òun wá, ilé mi á tú.

"Bámigbóyè, jókòó," ó ní. "N kò wá sílé rẹ. Mo ti tà á lọ́nà."

Àwa ará rélùwéè, ọwọ́ gáàdì la fi ń ránṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò fi ẹrù rán Gàníyù mọ́. Àwọn ọmọ kọ́tà ń pè é ní "barawo", olè lédè Hausa. O bá wọn jà, Sherifat. Mo ń ṣa ìrẹsì lójú fèrèsé, mo ń wò ọ́. Ọkọ mi kò lọ Kàdúná. Ohun tí mo fẹ́ ni mo rí gbà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ sọ pé ẹ̀rù ń bà yín. Sherifat, bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí, ṣùgbọ́n sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bú bàbá rẹ.

Ọjọ́ tí bàbá rẹ kú, ọjọ́ Jímọ̀ ni, ìwọ lo wá sọ fún wa. O kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, o ní wọ́n ń bèèrè ọkọ mi títí ẹ̀mí fi bọ́. Ọkọ mi ní, "Sọ fún wọn nílé yín pé mo ti gbọ́," ó wọ yàrá. Ó ku èmi àti ìwọ. O ní, "Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n wá síbi ìsìnkú." Mo ní kí o máa lọ, pé á gbọ́. N kò bẹ̀ ẹ́.