Lotoala Ni Wọ́n Pè, Kì Í Ṣe Èmi

Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ọgbọ̀n ọdún ni tèmi lò, ẹ̀yin ará Nukufetau, àmọ́ ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ọkàn mi ò ní pẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Kí n tó lọ, ẹ gbọ́ ọ: èmi Penitusi tí ẹ̀ ń pè ní Ọwọ́ Irin, olè ni mí.

Èmi ni mo ń ṣọ́ rédíò tí erékùṣù wa fi ń gba ìpè láti òkèèrè nígbà náà. Èmi àti Lotoala, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, la jọ jẹ́ aṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nukufetau, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́, ó fi ọwọ́ rọ́ mi sẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kóòṣì ikọ̀ Tuvalu, orílẹ̀-èdè wa, pè láti Funafuti, olú ìlú: "Penitusi, sọ fún Lotoala kó wọ ọkọ̀ ọ̀sán yìí. Tuvalu ń pè é." Ìlara gbé mi wọ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Lotoala já bọ́ lórí igi àgbọn níbi tó ti ń dá ẹmu. Apá rẹ̀ ti kán." Ẹ wo ìkà! Kóòṣì mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó mà ṣe o. Ìwọ máa bọ̀ nígbà yẹn."

Lotoala gan-an ló gbé ẹrù mi dé èbúté. Ó bi mí pé, "Wọn ò tiẹ̀ dárúkọ mi rárá?" Mo wò ó lójú kòrókòró, mo ní, "Rárá o. Wọ́n ní o kúrú." Ó bú sẹ́rìn-ín: "Kóòṣì yẹn ò mọ bọ́ọ̀lù rárá. Máa lọ jàre, má dójú tì wá o." Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù.

Àwọn tí a lọ bá gbá, àdúgbò kan ní ìlú wọn ju gbogbo erékùṣù wa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ. Síbẹ̀ a jẹ góòlù kan. Ó wá ku ìṣẹ́jú kan, rẹfirí fún wọn ní pẹ́nárítì. Mo kàn fò sí apá òsì ni, bọ́ọ̀lù náà sì wá bá mi lọ́wọ́. Kò yé mi títí dòní. Àwọn géńdé tí ìjì òkun ò bà lẹ́rù ń sunkún lé mi lọ́rùn, ẹ̀rù Ọlọ́run sì bà mí: ṣé ọwọ́ olè ló yẹ kó fi yọ Tuvalu?

Nígbà tí ìlú ṣe àsè fún wa, Lotoala ti kọ orin fatele, orin ijó ìbílẹ̀ wa, nípa ọwọ́ mi. Òun náà ló ń lu àpótí onígi, tí orin ń yára sí i, tí gbọ̀ngàn ń mì tìtì. Mo jó o. Ojú ò tì mí.

Lánàá mo ránṣẹ́ pè é, mo jẹ́wọ́. Ó ní:

"Mo ti mọ̀. Kí àsè yẹn tó bẹ̀rẹ̀ ni kóòṣì di apá mi mú, tó ń bi mí bóyá eegun ti jinná."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní ó ti jinná."

"Lotoala! Kí ló dé tí o ò tú mi fó?"

"Gbogbo ìlú ń yọ̀, Penitusi. Ìgbà wo la tún fẹ́ yọ irú ẹ̀?"

Irú èèyàn wo nìyí?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gba ipò onípò. Tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ojú á tì yín lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹ bá mú un, ojú á máa tì yín títí ẹ ó fi kú. Lotoala ti dárí jì mí kí n tó bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́?