Gílóòbù Tí Mo Yọ Nínú Ọkọ̀ Tísà Ọlákìtán

Ẹ̀yin àgbà àdúgbò wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n ka ìwé yìí dópin kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lóhùn. Èmi Ebenezer, mọ̀kálíìkì, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ìwé karùn-ún ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ẹ má wo àṣìkọ. Ọ̀rọ̀ iná tó jó abà iṣu Tísà Ọlákìtán ní oṣù kìíní ọdún yìí ni. Kì í ṣe Ìbítóyè ló dá a. Mo mọ ohun tó dá a, mo sì ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ náà.

Tísà ló kọ́ mi ní ìwé karùn-ún. Lọ́jọ́ kan tí n kò lè ṣe ìṣirò kan, ó so pátákó mọ́ mi lọ́rùn, ó kọ "olódo" sí i, ó ní kí n fi yí gbogbo kíláàsì ká. Nígbà tí mo dé kíláàsì kejì, àbúrò mi obìnrin wà níbẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo so pátákó náà mọ́ igi máńgòrò, mo lọ sílé, n kò padà mọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi di ọ̀rọ̀ yẹn sínú. Bí Tísà bá ń bọ̀ lọ́nà kan, èmi a yà gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ mọ̀ mí, mo lágídí.

Lọ́dún tó kọjá, Adédọlápọ̀ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1996. Nígbà tó yá, iná kékeré kan tó pupa rúsúrúsú tàn níwájú ẹni tó ń wà á. Kò sí ẹlòmíràn ní Osi tó mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ebenezer, ọkọ̀ ọlọ́pọlọ lèyí o. Ṣé agbára rẹ á ká a?" Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Bóyá ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Lójú tèmi, ó tún ti so pátákó mọ́ mi lọ́rùn.

Mo mọ iṣẹ́ iná náà dáadáa. Ṣògo, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìlọrin, ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń yẹ ara rẹ̀ wò kí èéfín rẹ̀ má baà ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Agolo irin kan wà lábẹ́ rẹ̀, lára sàlẹ́ńsà, tó ń fọ èéfín. Ohun kan bí imú wà níwájú agolo náà, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí imú méjèèjì bá ń gbọ́ òórùn kan náà, ọpọlọ ọkọ̀ á mọ̀ pé agolo kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó tún ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, kó lè mọ̀ bí púlọ́ọ̀gì kan kò bá ṣáná. Kì í sì í sábà yára ké. Ohun tó bá rí lónìí, á kọ ọ́ pamọ́. Bó bá tún rí i nígbà tí wọ́n bá tún wà á jáde, á wá tan iná. Ṣùgbọ́n bí iná náà bá ń ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti kọjá sùúrù. Epo tí kò jó ló ń lọ jó nínú agolo, agolo á sì pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Ṣògo ní, "Pa ọkọ̀ náà, má sì páàkì í sórí koríko gbígbẹ."

Mo wa ọkọ̀ Tísà jáde díẹ̀. Iná náà ń ṣẹ́jú. Mo ṣí ẹ́ńjìnnì, mo rí i pé eku ti jẹ wáyà púlọ́ọ̀gì kan. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni, wáyà tuntun sì wà lórí pẹpẹ mi. N kò fi sí i. Dáṣíbọ́ọ̀dù ni mo tú, mo yọ gílóòbù iná náà, mo sì dì í padà. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú pópó, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tí Tísà wá gbé e, ó ní ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n. Mo ní bí ọkọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó dúpẹ́. Ó pè mí ní ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kẹrin, nínú ọyẹ́, ó wà á lọ sóko lọ́nà Odo-Owa, ó páàkì í sórí koríko lẹ́bàá abà. Kó tó kó iṣu kún apẹ̀rẹ̀ kan, iná ti sọ. Ọkọ̀ jóná, abà jóná, iṣu ọdún kan di èédú. Iná jó Tísà lọ́wọ́ méjèèjì níbi tó ti ń fa iṣu yọ.

Ìbítóyè, tí oko rẹ̀ bá ti Tísà pààlà, ti sungbó lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ rò pé iná rẹ̀ ló ràn, ẹ pè é síbí. Ó ní òun ti pa iná òun, òun sì dúró títí èéfín fi tán. Tísà fúnra rẹ̀ ní ó dà bíi pé abẹ́ ọkọ̀ ni òun ti kọ́kọ́ rí èéfín. Ẹ wá ní kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ibi tó burú jù lèyí. Mo dìde nínú gbọ̀ngàn yìí, mo wo Ìbítóyè lójú, mo ní, "Ọkọ̀ kì í ti abẹ́ gbiná. Ẹni tó sungbó ni kí ẹ bi." Ọkùnrin tí kò ṣẹ̀ mí rí. Ẹ gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Isolo-Opin, ìlú ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ, Modúpẹ́ ìyàwó rẹ̀ kí mi tẹrù-tẹrù lórí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Tọ̀mídé."

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, Tísà rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé ó ti mọ̀. Ó jókòó lórí táyà, ó ní òun ń rántí pátákó tí òun so mọ́ mi lọ́rùn, pé kò yẹ kí òun ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ, kí n dárí jin òun. Ọwọ́ tó jóná yẹn ló nà sí mi. Mo bú sẹ́kún, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tèmi ṣì kéré. Lọ bá Ìbítóyè."

Mo lọ. Mo bá a lóko ní Isolo-Opin, ó ń kọ ebè. Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín poro, mo sọ ohun gbogbo. Ó kọ ebè ọwọ́ rẹ̀ parí kó tó wò mí. Ó ní, "Níbo lo ti purọ́ mọ́ mi?" Mo ní nínú gbọ̀ngàn àdúgbò ni. Ó ní, "Ibẹ̀ ni kí o ti sọ òótọ́. Bí o bá sọ ọ́, màá padà wálé."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, bí iná bá tàn nínú ọkọ̀, ẹ wá ohun tó ń wí. Yíyọ gílóòbù kì í wo àìsàn. Ẹ̀yin àgbà, mo tọrọ àforíjì. Ìyà tó bá tọ́ sí mi, n kò ní jà sí i. Èmi ni màá tún abà Tísà kọ́, mo ti ń gé òpó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dá oko Ìbítóyè padà fún un lónìí, kí òjò tó tán, kí ilẹ̀ tó le, kó lè rí iṣu gbìn. Ó wà lóde pẹ̀lú Modúpẹ́ àti àwọn ọmọ wọn. Ó ní òun kò ní wọlé àfi bí mo bá kà á tán. Mo ti kà á tán. Ẹ ní kó wọlé.