Òjìji Tí Kò Bá Ojú Mi Rìn

Pá! Bí iná yàrá ìyẹ̀wò wa ṣe máa ń dún nìyẹn tí mo bá pa á. Ó lé lógún ọdún, ìró náà ò tíì kúrò létí mi. Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Níléeṣẹ́ tí a ti ń ṣe sikirínì kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ mi ni kí n yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Màá jókòó sínú òkùnkùn títí òkùnkùn yóò fi mọ́ mi lójú, màá wá tan sikirínì sí àwọ̀ eérú, kí n wò bóyá àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba, bóyá ibì kan ò ṣú ju ibì kan lọ.

Nígbà tó yá, òjìji kan wọ ojú ọ̀tún mi. Mo dá sikirínì mẹ́ta tó dára padà lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀gá wa bú sẹ́rìn-ín: "Olójú-Àṣá, ṣé sikirínì ló bàjẹ́ ni àbí ojú ẹ? Tún dá ẹyọ kan padà, ilé lò ń lọ yẹn." Ojora mú mi. Mo wá dọ́gbọ́n: tí mo bá yíjú, tí òjìji bá tẹ̀ lé mi, tèmi ni, tí kò bá tẹ̀ lé mi, ti sikirínì ni. Lọ́jọ́ kan, níwájú sikirínì kan, mo yíjú sọ́tùn-ún, mo yíjú sósì. Òjìji dúró gbọn-in, bí ẹni tó ń wò mí. Mo mọ̀ pé ti sikirínì ni. Ìkà ni mí, mo mọ̀! Mo kọ "Ó dára" sí i.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń wo àwòrán àyà ni sikirínì yẹn lọ. Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi tó ń di sikirínì sí páálí, mú ìyàwó rẹ̀ lọ síbẹ̀ nítorí ikọ́. Dókítà ní, "Ẹ má jáyà, òjìji ẹ̀rọ yìí náà ni. Ojoojúmọ́ là ń rí i." Abẹ́ òjìji yẹn gan-an ni àrùn sá pa mọ́ sí. Ìgbà tí wọ́n fi mọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ẹlẹ́rìn-ín dì mọ́ mi: "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó mi ní ká lọ síbòmíì. Èmi ni mo ní kó yé fòyà. Èmi ni mo pa á." Mo ní kó ṣe ọkàn akin. Ahọ́n mi ìbá ti gé! Mo kó ẹrù mi, mo sá lọ sí òkèèrè.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú mi. Mo ń rí ihò abẹ́rẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n lára ògiri funfun tó kọjú sí ibùsùn mi, òjìji kan wà. Mo yíjú títí, kò bá mi lọ. Ọmọbìnrin mi fọwọ́ pa ògiri: "Bàbá, kò sí nǹkan kan níbí o." Abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló wà. Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́. Kì í ṣe ọmọ mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ojú yín bá ń ṣú, ẹ wí i síta, bí iṣẹ́ yóò bá bọ́, kó bọ́.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí Ẹlẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí nìyí: "Àbúrò mi, ìwọ kọ́ lo pa ìyàwó ẹ. Mo rí àbàwọ́n sikirínì ilé ìwòsàn yẹn kí o tó dì í, mo sì jẹ́ kó lọ, torí kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi. Má bi ara ẹ léèrè ẹ̀ mọ́. Èmi ni kó o bi."