Ògiri Náà Kò Rìn Rí

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ wá ibi jókòó. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó sórí ibùsùn mi, mi ò ní bú u lónìí. Èmi ni mo ní kí wọ́n pe ẹ̀yin tí ẹ fi gbọ̀ngàn àwọn ọ̀dọ́ ṣe ilé nígbà tí ẹ ṣì kéré. Dókítà ti wo àyà mi, ó ní eruku sìmẹ́ǹtì tí mo ti ń fà símú láti ìgbà èwe ti gba ibẹ̀ tán. Kí ẹ̀mí tó jáde, ẹ jẹ́ kí òótọ́ kọ́kọ́ jáde.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ògiri gbọ̀ngàn yín lanu, pé èmi bíríkìlà ni àwọn àgbà àdúgbò ní kí n lọ wò ó, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n fi tì í pa. Ibi tí ìmọ̀ yín mọ nìyẹn.

Ọmọ-ọmọ mi nìyí, tó jókòó síbi ẹsẹ̀ mi. Ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Akólòlò ni. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi ni mo máa ń bá a parí rẹ̀: "Omi àbí? Lọ bù ú!" Mo ní mò ń ràn án lọ́wọ́ ni, irọ́ ni, sùúrù ni mi ò ní. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín lọ sí gbọ̀ngàn ni nǹkan yí padà. Àwọn kan nínú yín ń ya àwòrán, àwọn kan ń gbẹ́ igi, òun wọ ẹgbẹ́ eléré. Obìnrin tó ń darí ibẹ̀ ní òfin kan: bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀, ẹlòmíì kò gbọdọ̀ bá a parí rẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń pè é ní Àǹtí Jẹ́-Kó-Sọ. Ó máa ń ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Kí la wá ń lé?" Ọmọ tí kò lè kí aládùúgbò tẹ́lẹ̀ wá ń dúró lórí pèpéle, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ geere. Ó ń rẹ́rìn-ín nílé. Ó ń kọrin nídìí abọ́ tó ń fọ̀.

Ṣé kò yẹ kí inú mi dùn?

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ ṣeré fún àwọn òbí. Òun ló dé fìlà mi àtijọ́, tó ṣe bàbá arúgbó kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tán. Ẹnìkan sáré wọlé, ó ní, "Bàbá, ilé yín ń..." Òun ní, "Ó ń jò! Mo mọ̀, jókòó!" Ẹni yẹn ní, "Rárá o, ó ń jóná!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Káfíńtà tó jókòó tì mí gbá mi léjìká: "Bíríkìlà, ta ni wọ́n ń bá wí yìí?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ti bàjẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò kólòlò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tó ti ń sín mi jẹ.

Kò pẹ́ sí i ni òjò dé, tí ìlà kan yọ lára ògiri lẹ́bàá fèrèsé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ ohun tí a máa ń ṣe. A máa fi sìmẹ́ǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ ẹ́ lórí, ká fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí sìmẹ́ǹtì náà bá là, ògiri ń rìn, ewu ń bẹ. Bí kò bá là, ojú ògiri lásán ló sán, ẹ rẹ́ ẹ kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Mo lẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo yín, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ ò sì fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí mo padà lọ, ó wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ọ̀sán ni. Mò ń gbọ́ ohùn yín lẹ́yìnkùlé níbi tí ẹ ti ń kun pátákó eré tuntun. Mo yọ irin tí mo fi ń gbẹ́ ògiri, mo gbé ẹnu rẹ̀ lé sìmẹ́ǹtì náà, mo fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ó là. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ̀ ọ́. Èmi alángbá yìí, ọwọ́ mi ni mo fi la ẹnu ògiri.

Mo pe àwọn àgbà. Mo ní, "Ẹ wá wò ó. Kí ọmọ ọlọ́mọ má lọ kú síbí." Ta ló máa bá bíríkìlà jiyàn lórí ògiri? Wọ́n ti ilẹ̀kùn pa lọ́jọ́ náà. Àǹtí yín kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ṣe é tún ṣe ni?" Mo ní kò ṣe é ṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi náà ni mo wọ́ ọ lórí.

Èyí tó burú jù kò tíì jáde. Mo délé, ọmọ yìí dúró níwájú mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Bà... Bàbá, ṣ... ṣé ẹ..." Ẹ̀rù bà mí, mo gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀: "Ṣé ògiri ń rìn? Ó ń rìn! Lọ gbé oúnjẹ mi wá." Títí dòní mi ò mọ ohun tó fẹ́ béèrè. Láti ìgbà náà, kò fẹnu dá mi lóhùn mọ́, orí ló ń mì fún mi. Ó ti di ìyàwó ilé, ó ti bímọ, orí náà ló ṣì ń mì.

Ògiri náà ṣì wà lóòró. Ká ní ó ń rìn ni, ì bá ti dé ìlú kejì. Ẹ lọ ṣí ibẹ̀ fún àwọn ọmọ yín, mo ti sọ fún alága àdúgbò láàárọ̀ yìí. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ojú ń tì mí, ẹ̀yin ọmọ mi, ojú ń tì mí gan-an.

Ẹ dákẹ́ ná. Ọmọ-ọmọ mi ti ń la ẹnu. Ìwọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, má bá a sọ ọ́. Mò ń gbọ́, ọmọ mi. Ì báà jẹ́ ìdáríjì, ì báà jẹ́ èpè, mi ò ní bá ọ parí rẹ̀.