Ọwọ́ Bọ̀dá Enoch Lórí Ìkànnì Mi

Ìwọ tí o ṣí ìkànnì yìí lónìí nítorí pé o ń wá oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́, dákun, má tíì pe nọ́ńbà kankan. Ka èyí tán ná. Orúkọ mi ni Olúgbóyèga Ògúnjìnmí. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí, Festac ni mò ń gbé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, àwọn dókítà fẹ́ la àyà mi nítorí àìsàn ọkàn, wọn ò sì fi pamọ́ fún mi pé mo lè má jí. Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ọ̀bẹ dókítà ló ń bà mí lẹ́rù jù, bí kò ṣe pé kí n kú kí òtítọ́ yìí sì bá mi wọlẹ̀. Mo ti yọ gbogbo fọ́tò tó wà níbí tẹ́lẹ̀ kúrò. Ìjẹ́wọ́ yìí ni mo fi rọ́pò wọn, nítorí ibí gan-an ni irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Oníná ni mí lóòótọ́, kì í ṣe pé mi ò kọ́ṣẹ́. Bọ̀dá Enoch Ẹ̀bùnlọlá ló kọ́ mi ní Satellite Town, ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wáyà ilé, mo mọ fáànù, mo mọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ínfátà, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì tanná, àti sólà, Bọ̀dá Enoch pẹ̀lú ewú orí wọn padà lọ kọ́ ọ. Èmi ò lọ. Mo ní kí ni mo tún fẹ́ máa kọ́ lọ́jọ́ orí mi. Mò ń dá ṣiṣẹ́ ara mi, mi ò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá mọ̀ mí ló ń pè mí, àwọn tó mọ̀ mí ò sì pọ̀. Mo lè wà nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì kí fóònù mi má dún. Ìyàwó mi á kàn máa wo fóònù náà lórí tábìlì bí ẹni ń wo aláìsàn.

Àbúrò ìyàwó mi tó ń jẹ́ Fikáyọ̀ ló ń ṣe ìkànnì fún àwọn èèyàn. Ó wá kí wa lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn ò mọ̀ yín ni. Ẹni tó bá ń wá oníná báyìí, inú fóònù ló ti ń wá a. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìkànnì fún yín. Ẹ ṣáà fún mi ní fọ́tò iṣẹ́ yín.” Mo wo inú fóònù mi, fọ́tò mẹ́ta péré ni mo rí, fáànù kan wà nínú rẹ̀ tí kò tilẹ̀ hàn dáadáa. Ojú tì mí. Mo jáde síta, mo pe Bọ̀dá Enoch. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò àwọn iṣẹ́ ínfátà yín ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ máa wò ó kí n lè fi kọ́ṣẹ́.” Inú wọn dùn débi pé wọ́n pariwo. “Gbóyèga! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí o bi mí.” Fọ́tò bí ogójì ni wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n kọ àlàyé sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ọwọ́ òsì wọn hàn, pẹ̀lú ìka ìfábẹ̀lá tí ẹ̀rọ ti gé kù nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Mi ò ka àlàyé kankan. Ì bá ṣe pé mo kà á.

Fikáyọ̀ ń to àwọn fọ́tò náà, ó dúró. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe gbogbo èyí? Ta ló wá ni ọwọ́ yìí?” Mo ní, “Òṣìṣẹ́ mi ni.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo fi sọ ọ̀gá mi di ọmọọṣẹ́ mi. Ó ní ó ku ọ̀rọ̀ ìyìn látẹnu àwọn oníbàárà. Èmi àti òun jókòó, a hùmọ̀ oníbàárà kan tó ń jẹ́ Lilian, a hùmọ̀ Richard kan, a ní mo ti gbà wọ́n lọ́wọ́ òkùnkùn. À ń rẹ́rìn-ín. Mo rántí ẹ̀rín yẹn dáadáa.

Bí o bá ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ, tí o bá bi mí bóyá ìkànnì ń mú oníbàárà wá, màá sọ òtítọ́ fún ọ: ó ń mú wọn wá. Kò pé oṣù kan tí ipè ti bẹ̀rẹ̀ láti Amúwò, láti Mile 2, láti ibi tí mi ò dé rí. Iṣẹ́ kéékèèké ni, mo sì ṣe wọ́n yanjú. Ohun tí mi ò rò ni pé ẹni tó bá wo fọ́tò tó sì gbà á gbọ́ ń bọ̀ wá gbé ẹ̀mí èèyàn lé mi lọ́wọ́.

Orúkọ ẹni náà ni Adébùnmí Adéyọ̀sọ́lá, Ìbàdàn ló ń gbé. Àwọn òbí rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé ní ẹ̀sítéètì Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ẹ̀dọ̀fóró Bàbá ti bàjẹ́, ẹ̀rọ kan ló ń fún wọn ní atẹ́gùn, ẹ̀rọ náà ò sì gbọ́dọ̀ kú bí wọ́n bá mú iná lọ, ìdí nìyí tí ọmọ wọn fi fẹ́ kí n so ínfátà síbẹ̀. Adébùnmí sọ fún mi lórí fóònù pé, “Mo wo ìkànnì èèyàn mẹ́fà kí n tó rí tiyín. Bí wáyà yín ṣe tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, mo ní ẹni tó bá ń ṣe báyìí kò ní fi ẹ̀mí bàbá mi ṣeré.” Ó yẹ kí n sọ fún un nígbà yẹn. Ó kéré tán, ó yẹ kí n pe Bọ̀dá Enoch kí wọ́n wá bá mi ṣe é. Mo gbé fóònù láti pè wọ́n, mo tún gbé e sílẹ̀. Mo rò ó pé bí wọ́n bá bi mí bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà, wọ́n á rí ìkànnì, wọ́n á rí ọwọ́ ara wọn níbẹ̀. Ìbẹ̀rù ìtìjú yẹn ló pa Bàbá Adéyọ̀sọ́lá.

Fídíò ni mo wò tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, Màmá gbé Bàbá lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún mi, èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Wáyà tí mo gbé wá tín-ín-rín ju èyí tó yẹ lọ, mo mọ̀. Bírékà tó máa ń gé iná bí wáyà bá gbóná jù, tó yẹ kó wà láàárín bátìrì àti ínfátà, mi ò fi sí i, nítorí mi ò mọ èyí tí màá rà, ojú sì tì mí láti béèrè. Nígbà tí wọ́n dé, iná tàn, Màmá gbàdúrà fún mi títí mo fi dé ẹnu géètì.

Lọ́sẹ̀ kẹta, lọ́jọ́bọ̀, Màmá pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò gbé e. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́: “Ẹnjiníà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo nǹkan yìí fún wa. Ó ń rùn bí rọ́bà tó ń jó. Ǹ bá pa á, ṣùgbọ́n Bàbá ò lè wà láìsí iná.” Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì pa á rẹ́. Mi ò mọ ohun tí màá ṣe bí mo bá dé ibẹ̀. Mo ní màá lọ ní Mọ́ńdè. Ní àárọ̀ Sátidé, Adébùnmí ló pè. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. “Bọ̀dá Gbóyèga, ilé wa ti jó. Bàbá mi ti kú.” Màmá wọ inú iná láti fà wọ́n jáde, ọwọ́ wọn méjèèjì ló jó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ lè rò pé èyí ló burú jù. Kì í ṣe òun. Ọlọ́pàá pè mí sí àgọ́. Ọ̀gá kan wò mí lójú, ó ní, “Ta ló so wáyà yìí?” Mo yọ fóònù mi, mo ṣí ìkànnì yìí, mo gbé e síwájú rẹ̀. Mo ní, “Iṣẹ́ ni èmi máa ń rí. Enoch Ẹ̀bùnlọlá ló máa ń so ó fún mi. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nínú gbogbo fọ́tò. Òun ló wá lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn onílé ò sí nílé.” Fọ́tò tí mo jí láti fi jẹun, mo dá a padà fún ẹni tó ni ín láti fi dè é. Bọ̀dá Enoch ní ilé àwọn làwọn wà lọ́jọ́ náà. Ìyàwó wọn nìkan ló lè jẹ́rìí sí i, àwọn ọlọ́pàá ò sì gbà á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọlọ́pàá fi ti Bọ̀dá Enoch mọ́lé kí wọ́n tó gba onídùúró wọn. Ọdún mẹ́ta nìyí, ẹjọ́ náà ṣì wà ní kóòtù, oṣù tó ń bọ̀ ni ìdájọ́. Ní Satellite Town, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan gílóòbù ilé òun mọ́.

Fikáyọ̀ wá bá mi nígbà náà. “Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ yín ni, ọ̀gá yín ni?” Mo ní kó panu mọ́, pé òun ló kọ ìkànnì náà, wọ́n á mú òun náà. Kò wọ ilé wa mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo kó ìbẹ̀rù mi ran ọmọ ọlọ́mọ. Èmi fúnra mi ò lè gbọ́ kí fóònù dún kí àyà mi má já. Àwọn èèyàn ṣì ń rí ìkànnì yìí, wọ́n ṣì ń pè. “Ṣé Ògúnjìnmí oníná nìyẹn?” Màá ní wọ́n ṣi nọ́ńbà pè. Mi ò lè pa ìkànnì náà rẹ́, nítorí mo bẹ̀rù pé bí mo bá pa á rẹ́, ọlọ́pàá á bi mí ìdí.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú tó kọjá, mo lọ sí Satellite Town. Àǹtí Ìkẹ́, ìyàwó Bọ̀dá Enoch, ló ṣí ìlẹ̀kùn. Wọn ò kí mi. Wọ́n kàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bọ̀dá Enoch jókòó, wọ́n ti gbẹ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ka gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á fún yín yìí. Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá fi fọ́tò hàn mí ni mo ti mọ̀. Èmi ni mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ, mo sọ ọ́, kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, mo ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. “Gbóyèga, dìde. Má bẹ̀ mí nínú pálọ̀ mi. Lọ sọ ọ́ níbi tí o ti purọ́ mọ́ mi.” Mo sì ti ṣe é: láàárọ̀ àná, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo fọwọ́ sí i, lọ́yà Bọ̀dá Enoch gba ẹ̀dà kan. Àwọn ọlọ́pàá ní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí mo bá yè, kí n padà wá fún ẹjọ́ tèmi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń dá ṣiṣẹ́ ara yín, ẹ ṣe ìkànnì, ó dára. Bó bá jẹ́ fáànù kan ṣoṣo lẹ ti so rí, fáànù kan yẹn ni kí ẹ gbé síbẹ̀. Kò sí oníbàárà tí ẹ pàdánù tó lè dà bí oníbàárà tí ẹ pa. Fikáyọ̀, dárí jì mí. Adébùnmí, mi ò mọ bí mo ṣe lè bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́.

Ó ku Màmá Adéyọ̀sọ́lá. Wọn ò lè di fóònù mú dáadáa mọ́, síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń ní kí ẹnìkan bá wọn tẹ nọ́ńbà mi. Wọ́n gbà pé òṣìṣẹ́ burúkú ló kó bá èmi náà. Wọ́n á ní, “Ọmọ mi, má jẹ́ kí ìbànújẹ́ pa ọ́ o. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.” Ọ̀la ni ọjọ́ Ìsinmi. Mi ò ní dúró kí wọ́n pè. Màá lọ bá wọn nílé, màá kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọwọ́ méjèèjì náà, màá sì sọ fún wọn pé ẹ̀bi mi ni.