Ìyàwó Tó Dúró Nínú Oòrùn Nítorí Orúkọ

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí koríko ni gbogbo wa fi ń bo ilé ní Ìdí-Ọ̀sẹ̀ yìí, ìyàwó kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀ṣúnfúnkẹ́. Òun ló bí baba tó bí baba mi. Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n rí ojú yín. Adébámbọ̀ ọmọ wa, ìwọ náà jókòó, kó ìwé rẹ sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé o rìn jìnnà kí o tó rí wọn. O dé ṣọ́ọ̀ṣì, o dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìkànìyàn àtijọ́ sí. O ṣeun. Èmi ò ní ìwé kankan lọ́wọ́, ẹnu ni mo ní.

Kí n má parọ́ fún yín, orí mi ti dàrú láti ìgbà tí Adébámbọ̀ ti ka ìwé náà sí mi létí. Ó ní bí ìwé ṣe wí, Oyèwùmí ni baba ńlá wa. Oyèwùmí wo? Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ Ògúndélé, ọmọ Ògúndélé ni wọ́n ń pè wá, Ògúndélé kò sì sí nínú ìwé. Ó ní kò sí Ògúnṣínà náà níbẹ̀, Ògúnṣínà àbúrò Ògúndélé, tó bí baba Jóṣíà. Ó ní nítorí náà, Jóṣíà tó kú ní ìjẹta, tí òkú rẹ̀ ṣì wà ní yàrá yẹn, kì í ṣe ọmọ ilé yìí. Ó ní kí a má sin ín sẹ́yìn ilé pẹ̀lú àwọn baba wa, kí a gbé e lọ sí itẹ́ òkú gbogbo ìlú. Ìbídùn ọmọ olóògbé nìyẹn lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe wú. Ó bi mí láàárọ̀ yìí pé, "Bàbá, ta wá ni bàbá mi?" Èmi tí mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún! Mo jókòó, mo ń rò ó pé ṣé baba mi ló purọ́ fún mi ni, àbí ìwé ló ń purọ́, àbí ogbó ló ti ń dà mí láàmú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, bóyá yóò yé gbogbo wa, àti èmi tí mò ń sọ ọ́.

Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ wọ ilé yìí ní ìyàwó Ògúndélé, ó bá ọmọ ìkókó kan nílé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, Ògúnṣínà ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, ẹ̀gbọ́n ni fún un, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá orúkọ mìíràn tí yóò máa pè é. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ wo ọmọ náà, kò tíì sí eyín kankan lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Eyínfúnjowó ni èmi yóò máa pè yín." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Eyín wo?" Ó ní, "Èyí tó ń bọ̀."

Kò pẹ́, ìyá ọmọ náà kú. Ọmọ ò tíì lè rìn. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Ràńtí, àkọ́bí rẹ̀. Ó gbé Ògúnṣínà sí ọmú kan, ó gbé Ràńtí sí èkejì. Ó ń lọ sóko, ó ń gbin iṣu, ó ń se oúnjẹ de àwọn tó ti oko dé, ó tún ń fún ọmọ méjì lọ́mú, àfi bó ṣe rù hangogo. Àwọn aládùúgbò ní kó jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ fún àwọn ará ilé ìyá rẹ̀. Ó ní rárá, ilé baba rẹ̀ ni yóò ti mu ọmú. Ohun tó wá ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín ni pé láràárọ̀, Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ yìí, á ní, "Eyínfúnjowó, ẹ káàárọ̀ o," kó tó gbé e, kó tó nu imú rẹ̀, kó tó fún un lọ́mú. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ rín in dáadáa. Ìwọ Ṣèyí tó ń rín jù yìí, ta ló ń kúnlẹ̀ fún ìwọ?

Ọkùnrin kan tún wà nínú ilé nígbà náà. Ará ọ̀nà jíjìn ni, ó wá ń gba iṣẹ́ oko ṣe, Ògúndélé fún un ní yàrá kan. Òṣìṣẹ́ gidi ni, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Orúkọ rẹ̀... ẹ dúró ná. Baba mi dárúkọ rẹ̀ fún mi. Ó ti bọ́ lórí mi. Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ lọ, yóò padà wá.

Àsìkò kan wá dé tí ìjọba rán àwọn akọ̀wé jáde, kí wọ́n máa ka èèyàn láti abúlé dé abúlé. Jìnnìjìnnì mú gbogbo ìlú. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọ́n tún ní bí wọ́n bá ti ka orí tán, owó orí ló kàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa dé Ìdí-Ọ̀sẹ̀, gbogbo ọkùnrin bọ́ sínú igbó, gbogbo ọmọ tó lè sáré tẹ̀lé wọn. Ta ló wá kù nílé? Ìyàwó àti ọmọ ọwọ́.

Akọ̀wé tó wá, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ìlú òkèèrè ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó gbọ́ èdè wa, kò mọ ìṣe wa. Òun náà ló tún ń kọ̀wé fún ṣọ́ọ̀ṣì, torí náà ohun tó bá kọ fún ìjọba ló ń dà kọ fún wọn. Ó fi ìjókòó sí abẹ́ igi, ó pe Ọ̀ṣúnfúnkẹ́.

"Kí ni orúkọ ọkọ rẹ?"

"Baba Ràńtí, sà."

"Mi ò bèèrè baba ẹnikẹ́ni. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo ní kí o pè."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹnu mi kò gbà á."

"Àbí o ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ ńkọ́?"

"Eyínfúnjowó ni."

"Ta ló tún ń gbé ibí?"

"Ìbàdíàrán."

"Ṣé orúkọ èèyàn nìwọ̀nyí?"

"Ohun tí èmi ń pè wọ́n nìyẹn, sà."

Inú bí akọ̀wé. Ó ní obìnrin yìí ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kó lọ dúró ní àárín àgbàlá títí orúkọ yóò fi jáde lẹ́nu rẹ̀. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ni o, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń mú níbí. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ dúró. Ó fi ìborùn bo orí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé Ràńtí mọ́ àyà. Àwọn ìyàwó àdúgbò ń wò ó, àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n, kò sì sí èyí tó lè bá a pè é, ìyàwó ni gbogbo wọn. Ọ̀kan sọ fún un pé, "Rọra sọ ọ́ kẹ́lẹ́, ta ni yóò gbọ́?" Ó ní òun fúnra òun yóò gbọ́. Ó dúró títí oòrùn fi yẹ àtàrí, ọmọ méjèèjì ń ké. Kò pè é. Nígbà tó sú akọ̀wé, ó ní, "Ó dáa, ta ni ìwọ lè pè nínú gbogbo àwọn tó ń gbé ilé yìí?" Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ní ọkùnrin kan wà tí òun lè pè láìsí wàhálà. Ó dárúkọ rẹ̀, akọ̀wé kọ ọ́ sí òkè orúkọ àwọn yòókù, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Adébámbọ̀, mú ìwé rẹ. Ka ilé wa fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ka á sókè.

"Oyèwùmí. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́. Ràńtí. Eyínfúnjowó. Ìbàdíàrán."

Há! Oyèwùmí! Òun ni! Òun ni ọkùnrin tó ń gba iṣẹ́ oko ṣe yẹn, orúkọ tó bọ́ lórí mi nìyẹn! Ẹ gbà mí o, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń yé mi. Ẹ̀yin ọmọ, ìyàwó kì í sá fún orúkọ àlejò. Oyèwùmí kì í ṣe ẹbí ọkọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè pè é gbangba, ẹ̀yin sì wá sọ alágbàṣe di baba ńlá mi! Ògúndélé tí ẹ ń wá, ọkọ rẹ̀ ni, kò lè pè é. Ògúnṣínà tí ẹ ní kò sí níbẹ̀, òun ni Eyínfúnjowó. Bí Eyínfúnjowó bá jẹ́ àlejò ni, kí ló máa mú ìyá ọlọ́mọ méjì dúró nínú oòrùn? Á kàn pè é ni, á sì wọ inú ilé lọ.

Ìbàdíàrán ńkọ́? Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ni. Èwo nínú wọn? Kò yé mi, ó sì lè má yé mi títí n ó fi kú. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Nítorí ọjọ́ yẹn ni ìyàwó tí a bá gbé wá sí ilé yìí kì í fi í wọlé tààrà. Á kọ́kọ́ dúró nínú oòrùn ní àárín àgbàlá, tọmọdé tàgbà ilé á máa bọ́ síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fún kálukú ní orúkọ tí yóò máa pè é. Nígbà tó bá pe ẹni ìkẹyìn tán ni àgbà ilé á fi aṣọ bò ó lórí, á mú un wọlé. Àlejò kì í tò sórí ìlà yẹn, bó ti wù kó pẹ́ lọ́dọ̀ wa tó.

Morádéké, bọ́ síbí, ìyàwó wa. Adébámbọ̀, má wo ilẹ̀, ìyàwó rẹ ni mo pè. Ọmọ mi, mo mọ̀ pé tíṣà ni ọ́, o kàwé ju gbogbo wa lọ. Lọ́jọ́ tí o wọlé, Jóṣíà bọ́ síwájú rẹ àbí kò bọ́ síwájú rẹ? Ẹ gbọ́, ó ní ó bọ́ síwájú òun. Adébámbọ̀ pàápàá wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ó dáa, Morádéké, sọ fún ọkọ rẹ, ta ló kú nílé yìí?

"Bàbá Onínúure ni, sà."

Orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un ni mo ní kí o pè. Ẹ wò ó, ó ti kúnlẹ̀. Ó ń mi orí, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó tó, dìde, ìyàwó wa, dìde. Mi ò ní fi ipá mú ọ.

Adébámbọ̀, kí lo tún fẹ́ kà? Lọ mú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì lẹ́yìn ààrò. Ṣèyí, tẹ̀lé e. Ìbídùn, ọmọ Ògúnṣínà, nu ojú rẹ. Máa lọ níwájú wọn, kí o fi ẹ̀gbẹ́ sàréè bàbá bàbá rẹ hàn wọ́n, kí wọ́n gbẹ́ ti Jóṣíà síbẹ̀.