Ògiri Tí Mo Fi Kọ́tìnnì Bò

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ọpẹ́ ni mo wá dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ojú mi jù, ojú ń tì mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bọ́ síwájú yìí, ìtìjú ni kò jẹ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Mo máa ń na sílíìkì mọ́ férémù onígi, màá fi ìda yíyọ́ fa ìlà sí i, màá wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun aró sáàárín ìlà, kó tó di síkáàfù. Òun ni mo fi ń tọ́ àwọn ọmọ látìgbà tí bàbá wọn ti lọ. Lọ́dún tó kọjá, màdáámù kan, ará Kàbà, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbí, wá wo síkáàfù fún àjọ̀dún ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Mo tẹ́ gbogbo èyí tí mo ní síwájú rẹ̀. Ó wò wọ́n títí, ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, òdòdó yìí wà lára abọ́ tánganran mi nílé." Nígbà tó lọ tán, mo wo pẹpẹ abọ́ tèmi. Òótọ́ ni. Gbogbo òdòdó tí mò ń pè ní iṣẹ́ ọpọlọ mi, ara abọ́ ni mo ti rí wọn. Ó sì ti sọ pé òun yóò padà wá. Bí òun kò bá rí nǹkan tuntun, Ilọrin làwọn yóò ti rà.

Mo gbààwẹ̀. Ẹ̀yin náà bá mi gbàdúrà kí Ọlọ́run fi bátànì hàn mí lójú àlá. Mo sùn títí, n kò rí nǹkan. Ìgbà tí mo tilẹ̀ lá ẹyọ kan, ìrẹsì ni mò ń jẹ.

Àdúrà kejì ló ń tì mí lójú jù. Ẹ rántí bí omi Ọya ṣe wọ ilé wa ní Kpata. Nígbà tó fà, ó fi àbàwọ́n sílẹ̀ lára ògiri yàrá mi, láti ilẹ̀ dé ìbàdí, ìlà lórí ìlà. Mo fi kọ́tìnnì bò ó kí oníbàárà má baà rí i. Bí mo bá bẹ Àlàájì onílé wa, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Nupe, pé kí wọ́n fi ẹfun kùn ún, wọn á ní, "Sai hakuri, Mama," pé kí n ṣe sùúrù. Ni mo bá gbé orúkọ wọn wá síbí, mo ní ẹ bá mi lé ẹni tó ń dí ọ̀nà mi. Ẹ sì gbà á, ẹ tún pàtẹ́wọ́ sí i.

Màdáámù dé lọ́jọ́ tí n kò retí rẹ̀. "Òkun o," ló fi kí mi, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní Kàbà. Mo gbé àga fún un. Ooru mú, ó lọ ṣí fèrèsé fúnra rẹ̀, ni atẹ́gùn bá gbé kọ́tìnnì sókè. Mo sáré lọ dì í mú. Ó ní kí n fi sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ògiri, ó ń wo ìlà pupa, ìlà eérú, ìlà tó dà bí àwọ̀ ẹ̀kọ, níbi tí omi ti ń dúró sinmi kó tó tún fà.

Ó ní, "Ta ló ya èyí?"

Irọ́ ti dé ẹnu mi, àmọ́ ìtìjú ti pọ̀ jù fún irọ́. Mo ní, "Omi ni, mà."

Ó ní, "Èyí la fẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé férémù ti ògiri, mò ń wo ìlà rẹ̀ kun sílíìkì, ni Àlàájì wọlé pẹ̀lú péńtà àti garawa ẹfun. Èmi tí mo gbàdúrà lé wọn lórí, mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú ògiri, mò ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má kùn ún. Wọ́n wò mí bí ẹni tórí rẹ̀ dàrú. Wọ́n ní, "Tó, Mama, ó wá kàn mí láti ṣe hakuri." Ká ní wọ́n ti dá mi lóhùn láti ọjọ́ yìí ni, ẹfun funfun ni màdáámù ì bá bá níbẹ̀.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún wọn, ẹ̀yìn ni mo jókòó. Àwọn ìyá wọlé, àbàwọ́n yàrá mi wà lórí gbogbo wọn. Ó ṣe mí bíi kí n wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, tí mo sì dúpẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ire rọ́pò ohun tí a gbà lé Àlàájì lórí. Ògo ni fún Ọlọ́run tó mọ èyí tí kò yẹ kó gbà nínú àdúrà mi. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo ògiri náà, kó máa bọ̀ nílé. Kọ́tìnnì yẹn ti di aṣọ ìnulẹ̀.